Fóònù Aláìlókùn tí Eyínfúnjowó Fi Ránṣẹ́ sí Ìyá

Ẹ rọra fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo gbọ́ yín. Láti àárọ̀ lẹ ti ń rẹ́rìn-ín pé Màmá tún ti já ọ̀rá ara rìmóòtù tuntun dànù, pé Màmá ò jẹ́ kí nǹkan tuntun pẹ́ lójú. Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa, eyín yín funfun. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì ń mí nínú ilé yìí, ọ̀rá ò ní wà lára ohunkóhun tó bá ń lo iná. Ẹ jókòó, màá sọ ìdí ẹ̀ fún yín lónìí. Kí ẹ sì dojú fóònù yín dé ná, mi ò lè máa bá ẹni tó ń wo àtẹ́lẹwọ́ sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ò mọ ohun tí fóònù jẹ́. Ó ti pọ̀ jù lọ́wọ́ yín. Nígbà tiwa, gbogbo agbo ilé yìí, láti ẹnu ọ̀nà tó kọjú sí ọjà Jáńkárà títí dé ẹ̀yìnkùlé nídìí kànga, fóònù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Dúdú ni, ó wúwo bí ọmọ ọlọ. Orí tábìlì kékeré ní pálọ̀ ìsàlẹ̀ ló máa ń wà, wáyà ẹ̀ wọnú ògiri lọ, aṣọ tí mo fọwọ́ ara mi hun ni mo fi bò ó. Tó bá dún, kì í kọrin bíi tiyín. Ṣe ló máa ń gbọn ilé. Ìyá alágbo tó wà lójú títì á gbọ́, àwọn télọ̀ tó wà nílé kejì á dá ẹsẹ̀ máṣíìnì dúró, olúkúlùkù á máa retí orúkọ tí wọ́n máa pè.

Èmi ìyàwó ilé ni mo ń gbé e. Tí wọ́n bá ti sọ ẹni tí wọ́n ń wá fún mi, màá dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, màá figbe ta: “Ìyá Ràṣí o! Ìlú òyìnbó ń pè yín o!” Ìyá Ràṣí á fi ọṣẹ sílẹ̀ lójú, á sáré wọlé pẹ̀lú ìró ìwẹ̀. Ọjọ́ Iléyá ló máa ń le jù. Pálọ̀ á kún dẹ́nu, òórùn ẹran àgbò á wà lára gbogbo wa, tí fóònù bá sì dún báyìí, gbogbo ẹni tó bímọ sókè òkun á dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á máa pariwo sínú ẹ̀ bí ẹni pé ohùn wọn ló máa wẹ òkun kọjá. Kò sẹ́ni tó ní àṣírí. Bí ọmọ ẹ bá níyàwó lọ́hùn-ún, gbogbo ilé ló gbọ́. Bí wọ́n bá lé e lẹ́nu iṣẹ́, gbogbo ilé ló máa bá ẹ kẹ́dùn. Nísinsìnyí ńkọ́? Kálukú yín á wọ yàrá, á tilẹ̀kùn, á máa dá rẹ́rìn-ín. Èèyàn lè dákú ní yàrá kejì kí ẹ má mọ̀.

Ìyá ọkọ mi, ẹni tẹ́ ẹ̀ ń wo àwòrán wọn lára ògiri yẹn, òkè ni wọ́n ń gbé. Orúnkún wọn ti kọṣẹ́, wọn ò lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́: lónìí, Ìyá nìkan ni màá máa pè ní “wọ́n”, kí ọ̀rọ̀ má bàa dàrú mọ́ yín lójú. Bàbá yín àgbà, kí Ọlọ́run foríjì í, “ẹ” ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀ títí tó fi kú, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi sí i lórí ọ̀rọ̀ yìí, “ó” ló máa jẹ́ lónìí.

Àbíkẹ́yìn Ìyá, obìnrin, ló wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Mi ò lè dárúkọ ẹ̀. Èmi ìyàwó, ta ni mo jẹ́ tí màá máa pe ọmọ tí mo bá nílé ọkọ lórúkọ? Ìgbà tí wọ́n gbé mi wọlé, ó ń pààrọ̀ eyín lọ́wọ́. Tuntun tó hù náà funfun báláú, mo bá sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó. Òun náà ń pè mí ní “Ìyàwó mi” títí ó fi di àgbà. Kò ní ìwé ìgbélùú lọ́hùn-ún. Bó bá jáde nílùú náà, kò ní lè padà wọbẹ̀ mọ́, iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ la sì fi ń ra oògùn Ìyá. Bí kò ṣe lè wálé nìyẹn, tí ìyá ò sì lè lọ bá a.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Àìlá, ló máa ń pè. Èmi ni màá gbọ́, èmi ni màá gòkè lọ sọ fún Ìyá pé ó kí yín o, ó ní ṣé ẹ̀ ń jẹun. Ìyá á fèsì, màá tún sọ̀ kalẹ̀, fóònù á wà níbi tí mo gbé e dùbúlẹ̀ sí. Wọ́n ní bá a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo fi tọmọ jẹ́ ẹ o. Tí Ìyá bá sọ̀rọ̀ líle, màá rọ̀ ọ́. Tí ọmọ bá sunkún, màá sọ fún Ìyá pé ẹ̀rín ló ń rín. Àmọ́ Ìyá ò gọ̀. Lọ́jọ́ kan wọ́n wojú mi títí, wọ́n ní, “Ìyá Kúdí, ọ̀rọ̀ tó ò ń gbé wá yìí, tìẹ ni, kì í ṣe tọmọ mi. Ohùn ọmọ mi gan-an ni mo fẹ́ gbọ́ kí n tó kú.”

Ó dùn mí. Ẹsẹ̀ tí mo fi ń gun àtẹ̀gùn láti ọjọ́ pípẹ́! Ṣùgbọ́n òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo sọ ọ́ fún Eyínfúnjowó bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹnì kan tó ti ọ̀hún bọ̀ gbé páálí kan wá fún wa. Fóònù tí kò lókùn ló wà nínú ẹ̀. Eyínfúnjowó ní ká sọ fún Ìyá pé wọn ò nílò àti sọ̀ kalẹ̀ mọ́, fóònù ni yóò máa gòkè wá bá wọn.

Mùtíù tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò wa la pè kó bá wa gbé e kalẹ̀. Ó tú u síta, ó ní, “Alhájì, ẹ wo ìyá ẹ̀, ẹ wo ọmọ ẹ̀. Ìyá ló ń jókòó sójú kan. Òun ni wáyà fóònù wọ̀ nídìí, òun náà ni wáyà iná wọ̀. Ọmọ lè rìn káàkiri ilé, ó lè gòkè, ó lè sọ̀, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ padà wá jókòó sára ìyá ẹ̀ kó lè mu iná. Eyín irin méjì wà nídìí ọmọ, méjì wà lára ìyá. Wọ́n gbọ́dọ̀ kanra. Ẹ máa fi aṣọ gbígbẹ nù wọ́n.” Ó ní ká jẹ́ kó kọ́kọ́ mu iná yó kí ẹnikẹ́ni tó fi pe ẹnikẹ́ni. Ó ní a ò gbọdọ̀ ki bátìrì tọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́, ó lè bú mọ́ wa lójú. Ó ní ká má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, á máa kùn. Bí àrá bá sì ń sán, ká yọ wáyà ẹ̀ méjèèjì kúrò lára ògiri. Nígbà tó ń lọ, ó na ọwọ́ sí fóònù dúdú, ó ní, “Ẹ má gbé ìyẹn jìnnà o. Bí wọ́n bá mú iná lọ, tuntun yìí ò ní lè ṣe nǹkan kan. Ti dúdú yẹn, inú wáyà fóònù ló ti ń jẹun tiẹ̀.”

Bàbá yín àgbà ní, “A ti gbọ́, Mùtíù, o ṣeun.” Gbígbọ́ ọ̀hún ló ṣì ń ya mí lẹ́nu.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo gbé ọmọ fóònù náà gòkè lọ. Ìyá ń jẹ móínmóín lọ́wọ́. Ó dún, mo tẹ̀ ẹ́ bí Mùtíù ṣe kọ́ mi, mo gbé e lé wọn létí. Wọ́n gbọ́ “Ìyá!” Ẹ̀rù bà wọ́n. Wọ́n wo àjà, wọ́n wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ní, “Ó ti wọlé! Ọmọ mi ti wọlé!” Nígbà tí wọ́n mọ̀ pé inú fóònù ni, ẹ̀rín pa wọ́n, ẹkún sì gbọ̀n wọ́n. Wọ́n kì í, wọ́n ki baba ẹ̀, wọ́n ki baba tó bí baba ẹ̀. Èmi jókòó lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì láìríṣẹ́ ṣe. Inú mi dùn, mo sì jowú díẹ̀, ẹ má sọ fún ẹnì kankan.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá yín àgbà gba fóònù náà, ó yí i padà, ó rí epo móínmóín. “Háà! Epo!” Bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ ló rí. Aṣọ ló ń tà ní Jáńkárà, òfì, sányán, àdìrẹ, kò sì sí èyí tí kò sí nínú ọ̀rá nítorí eruku àti òjò. Ọ̀rá ọ̀hún ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Àga pálọ̀ wa, ọ̀rá. Àwo tí mo gbé wá sílé ọkọ, ọ̀rá. Kùránì ńlá tí baba ẹ̀ fi sílẹ̀, ọ̀rá. Lásìkò ooru, tẹ́ ẹ bá jókòó sórí àga wa, ọ̀rá á mú yín nítan; tẹ́ ẹ bá dìde, á ké fàà. Àlejò ò lè sinmi nílé wa. Ó ní nǹkan tuntun, tuntun ló gbọ́dọ̀ máa jẹ́.

Ó nu epo náà kúrò, ó gé ọ̀rá tó nípọn, ó fi wé ọmọ fóònù láti orí dé ìdí, ó sì fi iná àbẹ́là lẹ̀ ẹ́ lẹ́nu pinpin. Nọ́ńbà ẹ̀ ṣeé tẹ̀ láti òkè ọ̀rá, ohùn ń wọlé, kò sẹ́ni tó rí ohun tó burú níbẹ̀. Ọjọ́ kan náà ló gbé fóònù dúdú fún ọ̀rẹ́ ẹ̀, Bàbá Múfú ní Ìta Fàájì, pé kó fi ṣe ọ̀ṣọ́ sí pálọ̀. Ó ní ilé tó bá ní fóònù méjì, ọ́fíìsì lọ́yà ní Ìgbóṣeré ló jọ. Mo rán an létí ohun tí Mùtíù sọ. Ó ní, “Ìyá Kúdí, ṣé iná tí wọ́n ń mú lọ yìí, wọn kì í mú un padà wá ni?”

Tí a bá gbé ọmọ lé ìyá ẹ̀ lórí, iná pupa tó wà lára ìyá ń tàn, a rò pé ọmọ ń mu iná. Kò mu nǹkan kan. Ọ̀rá wà láàárín eyín àti eyín. Èyí tó mu lọ́jọ́ tí Mùtíù gbé e kalẹ̀ ló ń lò, ó sì ń tán lọ. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ìtọ́jú náà ní àṣejù, ẹ̀yin ọmọ.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni èémí Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́. Wọ́n á fà á gùn, á dúró, gbogbo wa á dúró pẹ̀lú ẹ̀, kó tó tún sọ̀. Dókítà wò wọ́n, ó ní ká jẹ́ kí wọ́n wà nílé. Fóònù wa lè gba ìpè láti ìlú òyìnbó, kò lè pe ibẹ̀, nítorí náà bàbá yín àgbà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi fóònù ṣòwò ní Ìgbóṣeré, ó bá Eyínfúnjowó sọ̀rọ̀ pé ọjọ́ Àìkú yìí, ohun yòówù tó bá ń ṣe, kó má gbàgbé láti pè. Eyínfúnjowó ní òun á gbàyè níbi iṣẹ́. Ìyá gbọ́, wọ́n mi orí. Wọ́n ní, “Ó dáa. Ohun kan wà tí mo fẹ́ sọ fún un.”

Mo ní, “Ẹ sọ ọ́ fún mi, Ìyá, kí n bá yín tọ́jú ẹ̀.”

“Ìyá Kúdí, o ti jẹ́ iṣẹ́ tó. Èyí, mi ò rán ẹnì kankan. Èmi fúnra mi ni màá sọ ọ́ sí i létí.”

Ọjọ́ Àìkú dé. A kírun tán, a gbé Ìyá jókòó, mo fi ìrọ̀rí tì wọ́n lẹ́yìn. Fóònù dún. Ohùn Eyínfúnjowó ní, “Ìyàwó mi, ṣé wọ́n wà níbẹ̀?” Mo ní, “Wọ́n wà níbẹ̀, ẹ̀yin ni wọ́n ń retí.” Mo gbé e sí Ìyá létí. Wọ́n ní, “Ọmọ mi.” Fóònù náà ké pín-ín, pín-ín, ojú ẹ̀ ṣú.

Ìyá wò mí. Wọ́n ní, “Ó ti dákẹ́.”

Mo já bọ́ lórí àtẹ̀gùn, mo gbé ọmọ jókòó sára ìyá ẹ̀. Ojú ọmọ ò tanná. Mo gbé e, mo tún un gbé kalẹ̀. Ìgbà náà ni ìka mi kan ọ̀rá tó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí eyín irin ẹ̀. Mo fi eyín ẹnu mi ya á. Bàbá yín àgbà wọlé, ó ní, “Kí lò ń bà jẹ́ yẹn?” Mo ní, “Ẹ wá wò ó! Ẹ wá wo ohun tẹ́ ẹ ṣe!” Ó wo ọ̀rá, ó wo fóònù. Mo gbé e kalẹ̀ láìsí ọ̀rá, iná kékeré yọ lára ẹ̀. Mo ní Alihamdulilahi. Kò tíì mu ẹnu kan tán nígbà tí wọ́n mú iná lọ ní gbogbo àdúgbò.

Mo ní, “Ìta Fàájì!” Mi ò mú gèlè, mi ò mú bàtà. Èmi tí mo ti bímọ tán nígbà yẹn, mo sáré gba ojú títì bí ọmọ tó fọ́ àwo. Ìyàwó Bàbá Múfú ló bá mi lẹ́nu ọ̀nà. “Ẹ káàsán o, Ìyá Kúdí. Ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ n bu omi wá fún yín.” Mo ní fóònù dúdú ni mo wá gbé. Ó ní háà, ẹ̀bùn tí wọ́n fún olówó orí òun, òun ò lè gbé e jáde lẹ́yìn ẹ̀, ó ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí, ẹ jẹ́ ká dúró dè é. Mo ní, “Ìyá ń kú lọ!” Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, kí ni fóònù máa ṣe fún ẹni tó ń kú?” Mo gun àga, mo fà á kúrò lórí kọ́bọ́ọ̀dù gíláàsì. Bàbá Múfú náà ti wé e sínú ọ̀rá.

Láti ìta ni mo ti mọ̀. Ilé wa tí kì í dákẹ́, ó dákẹ́. Kúdí mi jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó gbé orí lé orúnkún. Ó ní, “Wọ́n ń bèèrè títí, Màámi. Wọ́n ní ṣé ó ti pè. Wọ́n ní ṣé ó ti pè. Wọ́n wá ṣíwọ́.”

Mùsùlùmí ni wá, òkú wa kì í pẹ́ nílé. Wọ́n ti lọ pe àlùfáà, àwọn obìnrin ti ń pọn omi gòkè láti wẹ Ìyá. Èmi dúró sí pálọ̀, mo gbé fóònù pọ̀ mọ́ àyà, mi ò mọ ibi tí màá gbé e sí. Bàbá yín àgbà gbà á lọ́wọ́ mi, ó yọ wáyà ti tuntun, ó ki ti dúdú bọ ògiri. Kò tíì gbé ọwọ́ kúrò lára ẹ̀ tó fi dún. Ó gbé e, ó ní háló.

“Bọ̀ọ̀dá! Kí ló ṣẹlẹ̀? Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń pè!” Mò ń gbọ́ ohùn Eyínfúnjowó láti ibi tí mo dúró sí.

Ẹ̀yin tó jẹ́ pé orí fóònù lẹ ti ń kéde òkú, pẹ̀lú àwòrán àbẹ́là, ó lè máà yé yín. Nígbà tiwa, a kì í túfọ̀ ìyá fún ọmọ tó dá wà nínú yàrá nílẹ̀ àjèjì. Àgbà ni wọ́n máa ń rán lọ bá a, wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á dì í lápá mú kí wọ́n tó la ẹnu. Ọkọ mi wò mí, ó wo òkè. Ó ní, “Wọ́n ti sùn.”

Eyínfúnjowó ní, “Ẹ má jí wọn. Fóònù yẹn ò lókùn, torí ẹ̀ ni mo ṣe rà á. Ẹ gbé e lọ sókè, ẹ gbé e sún mọ́ ẹnu wọn kí n gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Èmi náà ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún wọn. Bí wọ́n bá tilẹ̀ ń sùn, wọ́n á gbọ́.”

Fóònù dúdú ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, okùn so ó mọ́ ògiri. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú kan, kì, kì, kì, bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn. Mo rò pé orí ẹ̀ ti dàrú. Ó dúró. Ó gbé fóònù sún mọ́ imú, ó di ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Ó fà á gùn, ó jẹ́ kó dúró, ó tún fà á, bíi ti Ìyá gẹ́lẹ́. Ọmọ wọn ni, gbogbo ọ̀sẹ̀ náà ló ti ń jókòó tì wọ́n, ó ti mọ̀ ọ́n mọ́ra. Omijé ń dà lójú ẹ̀ wọ inú irùngbọ̀n, kò jẹ́ kó wọ inú mímí náà. Lókè, mò ń gbọ́ ìró korobá àwọn tó ń wẹ òkú. Ohùn Eyínfúnjowó ti wálẹ̀, mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ pẹ́. Nígbà tó parí, ọkọ mi gbé fóònù kalẹ̀ pẹ̀lẹ́. Mo bi í pé kí ló sọ. Ó ní, “Kì í ṣe èmi ló sọ ọ́ fún,” ó sì lọ bá wọn gbé ìyá ẹ̀. Kò sọ ọ́ títí tó fi kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó kó gbogbo ọ̀rá ilé wa síta, ti àga, ti àwo, ti Kùránì, ó sun wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé. Èéfín ẹ̀ dúdú, ó rùn, àwọn aráalé bínú, kò dáwọ́ dúró. Láti ọjọ́ náà, tí fóònù bá ti dún, ó máa ń dìde jáde síta.

Ẹbí wa kan tó wà lọ́hùn-ún ló wọ ọkọ̀ ojú irin lọ bá Eyínfúnjowó, ó jókòó tì í, ó sọ ọ́ fún un. Ọjọ́ Àìkú kejì, fóònù dún, ọkọ mi jáde, èmi ni mo gbé e. Kò kí mi. Ó ní, “Ìyàwó mi, ìgbà wo ni wọ́n kú?”

Mo ní, “Ọjọ́ tẹ́ ẹ pè yẹn ni. Kẹ́ ẹ tó tún pè.”

Ó ní, “Mímí ta ni mo gbọ́?”

Mo ní, “Ti ẹ̀gbọ́n yín ni.”

Mò ń retí kó bú wa. Ì bá sàn fún mi ká ní ó bú wa. Kò pariwo, kò sunkún, ohùn ẹ̀ kéré bíi tọmọdé. Ó ní, “Á jẹ́ pé ìyá mi ò gbọ́ mi.”